Mélòó Ni, àbí Apá Ibo Ni? Bí Ìwádìí Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ní ọdún 1982, bàbá ọlọ́mọ kan ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kíláàsì ọmọbìnrin rẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan ní álíjẹ́brà. Ẹnikẹ́ni kò gbà á síṣẹ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í kọ́ àwọn ọmọ ní álíjẹ́brà nígbà yẹn, bàbá yìí sì rí i pé ọmọ òun ti tó o ṣe. Robert Moses ni orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó wà lára àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Mississippi. Ó ti ṣe tíṣà ìṣirò ní Tanzania. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó padà sí Yunifásítì Harvard láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí tó jẹ mọ́ ìṣirò.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ tí ìdáhùn rẹ̀ máa ń dàrú bí nọ́ńbà tó kéré sí òdo bá ti wọ inú ìṣirò. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olódo. Moses fara balẹ̀ wò ó. Ohun tó rí ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ náà mọ̀ tí a ń bi nọ́ńbà: mélòó ni? Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí a bá fi àmì àròpọ̀ tàbí àmì àyọkúrò síwájú nọ́ńbà, ìbéèrè kejì ti wọ̀ ọ́: apá ibo ni?

Moses wá kó àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú wọn kọjá. Láti ibùdókọ̀ Central, ibùdó kan péré ni Harvard, ibùdó kan péré náà sì ni Kendall, ṣùgbọ́n apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó bá dúró ní Ọjọ́ta l'Ékòó mọ irú rẹ̀ dáadáa: Ketu wà níwájú, Maryland wà lẹ́yìn. Bí a bá sọ fún àlejò pé "bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù kan péré ni", a ò tíì júwe ọ̀nà fún un. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì, àwọn ọmọ ya àwòrán ìrìn-àjò náà. Wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà tò: ibi tí a ti gbéra, ibi tí a gúnlẹ̀ sí, iye ibùdó, apá ibi tí a kọrí sí. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó fi àmì ìṣirò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Algebra Project ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà kí Moses tó kú ní 2021.

Mo fi ìtàn yìí ṣíde nítorí pé gbogbo bí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ṣe ń rí ló wà nínú rẹ̀: ẹnì kan yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó wọ kíláàsì, ó rí ohun kan tí kò yé e, ó sì wò ó títí ó fi di ìbéèrè.

Ta ni wọ́n, kí ni wọ́n sì ń wá?

Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tó tún padà lọ fún másítà tàbí oyè ọ̀mọ̀wé nínú bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, kì í jókòó ti ìwé nìkan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń yọ̀ǹda ara wọn: wọ́n á ran tíṣà lọ́wọ́, wọ́n á ṣe lẹ́sìn ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á bá àwọn ọmọ múra ìdíje sílẹ̀, wọ́n á tún àwọn ohun èlò inú yàrá àyẹ̀wò tí eruku ti bò tò. Àwọn ọmọ ń jèrè, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà sì ń jèrè, torí ibẹ̀ ló ti ń rí ohun tí yóò wádìí.

Ohun tí yóò wádìí yìí ni olùkọ́ tó máa darí rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ẹni tó bá dáhùn pé, "Mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi ń féèlì ìṣirò," kò tíì ní ìbéèrè lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, ó sì ti dá ọmọ lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣeé wádìí a máa kéré, ojú a sì máa tó o: nígbà tí ọmọ yìí kọ ìdáhùn yìí, kí ló ń rò? Èdè wo ló fi rò ó? Kí ló yí padà nígbà tí tíṣà yí ọwọ́ ìkọ́ni rẹ̀ padà?

Ẹ̀sùn tí wíwò tú ká

Kò sí ẹni tí ìyàtọ̀ yìí hàn lára iṣẹ́ rẹ̀ bíi Uri Treisman. Ní àwọn ọdún 1970, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà ni ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ìṣòro kan wà tí gbogbo ẹ̀ka ìṣirò mọ̀ nípa rẹ̀: àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń kọ́ calculus ń kùnà ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó ti inú ìdílé ará Ṣáínà wá ń ṣe dáadáa. Treisman bi àwọn olùkọ́ léèrè ìdí rẹ̀. Àlàyé kò wọ́n: ọkàn wọn kò sí níbẹ̀, ìpìlẹ̀ wọn kò dára, àwọn òbí wọn kò tì wọ́n lẹ́yìn, owó kò sí nílé. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ló jẹ́ pé àwọn ló mọ̀wé jù ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti wá, àwọn òbí wọn sì ti fara ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dé Berkeley.

Ló bá yan 20 láti inú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ó yan 20 láti inú àwọn ọmọ ìdílé Ṣáínà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn kiri, láti ilé ìkàwé dé yàrá tí wọ́n ń sùn. Ohun tó rí kò sí nínú ẹ̀sùn kankan. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú 20 yẹn, 18 ló ń dá kàwé ní gbogbo ìgbà. Ìdákàwé yẹn ló gbé wọn dé yunifásítì, wọn kò rí ìdí tí wọ́n fi máa fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìdílé Ṣáínà náà ń dá kàwé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bó bá di alẹ́, wọ́n á pàdé, wọ́n á fi iṣẹ́ wọn wéra. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣì í, ó mọ̀ pé òun lòun ṣì í. Bí gbogbo wọn bá ṣì í, wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè náà ló le. Ẹni tó ń dá ṣe tirẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, á kàn gbà pé òun kò mọ̀wé ni.

Treisman kò ṣe lẹ́sìn fún àwọn tó kùnà. Ó kó àwọn ọmọ jọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ó gbé ìbéèrè tó le ju ti kíláàsì lọ síwájú wọn, ó ní kí wọ́n jọ jà á. Máàkì wọn gòkè gan-an. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ jáde ní 1985, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà sì ti gba ọ̀nà rẹ̀ lò láti ìgbà náà.

Ọjà náà jẹ́ kíláàsì

Ibòmíràn wà tí olùwádìí lè lọ wò: ẹ̀yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ní Recife, ìlú kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, Terezinha Nunes Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann lọ bá àwọn ọmọ márùn-ún tó ń tajà, ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 9 sí 15 lọ. Wọ́n ṣe bí oníbàárà. Wọ́n ń béèrè iye tí èyí máa jẹ́ àti iye ṣéńjì tí wọ́n máa gbà. Nínú ìbéèrè 63 tí wọ́n bi àwọn ọmọ náà nídìí ọjà, ìdá 98 nínú 100 ni wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé. Níbi tí ìṣirò bá ti ní ìtàn nínú, wọ́n gba ìdá 74. Níbi tó bá ti jẹ́ nọ́ńbà lásán, ìdá 37 péré.

Ọmọ kan ń ta àgbọn, owó ọ̀kan jẹ́ 35. Nígbà tí wọ́n bi í ní iye mẹ́rin, ó ṣe é lórí: mẹ́ta jẹ́ 105, fi 35 kún un, ó di 140. Lórí ìwé, ó kọ 35 sókè, ó kọ 4 sísàlẹ̀. 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20. Ó kọ òdo, ó di 2 mú. Dípò kó fi 4 sọ 3 di púpọ̀ kó tó ro 2 mọ́ ọn, ó ti ro 2 mọ́ 3, ó di 5, 4 lọ́nà 5 sì tún jẹ́ 20. Ó kọ 200 sílẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu. Bí oníbàárà kan bá na 200 sí i fún àgbọn mẹ́rin, kíá ni yóò fún un ní ṣéńjì 60.

Ẹ ò ní pẹ́ kí ẹ tó rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà tàbí ní Ọjà Ọba. Kí ló dé tí ìmọ̀ tó wà lórí ọmọ kò bá a dé orí ìwé? Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti jáde láti inú ìbéèrè kan yìí. Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí Recife yìí jáde ní 1985, Ubiratan D'Ambrosio, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Brazil, ti ń pe irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ethnomathematics: ìṣirò tó wà nínú ìgbé ayé àwọn ènìyàn kí tíṣà tó dé.

Ọmọ kì í wá bí igbá òfìfo

Níhà sáyẹ́ǹsì, ohun tó máa ń gba ìwádìí jù ni ohun tí ọmọ ti gbà gbọ́ kó tó wọ kíláàsì. Ní 1987, wọ́n ṣe fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní A Private Universe. Níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní Harvard, wọ́n bi ènìyàn 23, lára àwọn tó ń gba oyè, àwọn tó ti gboyè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àtàwọn olùkọ́, ní ìdí tí oòrùn fi máa ń mú ní ìgbà ooru tí òtútù sì máa ń mú ní ìgbà òtútù, tàbí ìdí tí òṣùpá fi ń yí ìrísí padà. 21 nínú wọn ló ṣì í. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àṣìṣe wọn nípa ìgbà ooru ni pé ayé máa ń sún mọ́ oòrùn ní ìgbà ooru.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún gan-an ni ayé máa ń sún mọ́ oòrùn jù, àsìkò tí àwọn ènìyàn wa ní London ń wọ ẹ̀wù òtútù méjì léra. Ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní nǹkan bíi dígírì 23.5. Ìlàjì tó bá fì sí ọ̀dọ̀ oòrùn ni ìtànṣán ń bá tààrà, ọ̀sán rẹ̀ sì ń gùn. Ìlàjì kejì ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀sán rẹ̀ sì ń kúrú. Ìdí nìyí tí ọdún Kérésì fi ń bọ́ sí ìgbà ooru ní Australia.

Ohun tí fíìmù náà kọ́ àwọn olùwádìí ni pé àwọn tó ṣì í yìí kò ṣàì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà rí. Iná ìdáná ló ti kọ́ wọn láti kékeré pé ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni ara ń ta. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wá, ó jókòó sórí ìyẹn, ìyẹn kò sì kúrò. Tíṣà tí kò bá bi ọmọ ní ohun tó ti ń rò tẹ́lẹ̀ ń kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tí kò wò.

Èdè tí a fi ń kà á

Nílẹ̀ wa, ìbéèrè èdè ló ti fa ìwádìí tó lókìkí jù. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan ń kọ́ ohun gbogbo ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan. Àwọn mìíràn, kíláàsì àfiwé, ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó lo Yorùbá jálẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ìwé tó ròyìn rẹ̀ jáde ní 1989.

Ní Ifẹ̀ yìí kan náà, Helen Verran, ọmọ Australia, kọ́ àwọn tíṣà láàárín 1979 sí 1986. Ó fi ẹ̀kọ́ kan lé wọn lọ́wọ́ lórí bí a ṣe ń wọn gígùn. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà tó ń kọ́ṣẹ́ náà kò tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, kí wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí kékeré tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí wọ́n ka ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi ìyókù kún un. Lójú Verran, gígùn ti sọnù nínú ẹ̀kọ́ náà: okùn tó yẹ kó nà tán ti di ìdì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà yé àwọn ọmọ, wọ́n sì gbádùn rẹ̀. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún láti ronú sí ohun tó rí yẹn, ó sì kọ ìwé Science and an African Logic, tó jáde ní 2001. Nínú rẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé àlàyé àkọ́kọ́ tí òun fúnra òun ṣe kò tó.

Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbí. Ọmọ tó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ṣe ìṣirò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ogún lọ́nà mẹ́ta, ó dín mẹ́wàá, ó tún dín márùn-ún. Ṣé ó ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ àyọkúrò ni, àbí ó ń dà á láàmú nígbà tí tábìlì Gẹ̀ẹ́sì bá dé? Ohun mẹ́ta sì wà nínú físíìsì tí àwa ń fi ọ̀rọ̀ kan pè: èyí tó ń ti nǹkan, èyí tó wà nínú epo àti oúnjẹ, àti bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Agbára ni gbogbo wọn. Tíṣà tó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní Yorùbá ní láti ṣe ju kó kàn túmọ̀ ìwé lọ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó fún ìwé oyè ọ̀mọ̀wé kan.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Tí ìbéèrè bá ti wà, iṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tọ ipa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CTCA, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti ọ̀mọ̀wé sì ti ń dán an wò lórí àkọ́lé tó máa ń le fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Tíṣà á kọ́kọ́ sọ àkọ́lé tó ń bọ̀ fún àwọn ọmọ, á ní kí wọ́n bi àwọn àgbà ilé ní ohun tó jọ ọ́ nínú àṣà, kí wọ́n sì wá a lórí fóònù. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkan ni, ká sọ pé, ọmọ á bi ìyá àgbà bí ògì ṣe ń kan. Nínú kíláàsì, wọ́n á jókòó ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí, tíṣà á fi àpẹẹrẹ àdúgbò àti ẹ̀fẹ̀ kọ́ wọn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àkópọ̀ rẹ̀ á dé orí fóònù wọn.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ àgbà náà á wá kíláàsì méjì tó jọra. Á fún méjèèjì ní ìdánwò kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á gba ọ̀nà tuntun, èkejì á gba ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó tún ìdánwò ṣe. Kíláàsì kejì ṣe pàtàkì, torí gbogbo ọmọ ló ń mọ nǹkan sí i bí ọjọ́ ti ń lọ. Láìsí ohun tí a fi wé e, a ó kàn máa yin ọ̀nà tuntun fún ohun tí ọjọ́ ṣe. Máàkì nìkan kò sì tó. Á jókòó ti àwọn ọmọ kan, á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ronú. Bí iṣẹ́ náà bá parí, ó lè gbé e lọ sí àpérò ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà, STAN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, kí àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ṣọ́ọ̀kì gbọ́ ọ.

Olùrànlọ́wọ́ àti olùwádìí nínú ara kan

Ibi tó ti le nìyí. Ẹni tó wá ṣe ìrànlọ́wọ́ fẹ́ kí gbogbo ọmọ yege. Olùwádìí fẹ́ mọ òótọ́, bí kò tiẹ̀ dùn ún gbọ́. Tí ọmọ bá há, ṣé kó sọ ìdáhùn fún un ni, àbí kó dúró wo ibi tí ìrònú ọmọ náà máa gbà? Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn Ọ̀gá Sátidé tó ń fún wọn ní bisikíìtì, ṣé ọ̀nà tuntun ló gbé máàkì wọn sókè ni, àbí ìfẹ́? Nítorí èyí, kò yẹ kó jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máàkì ìwé wọn.

Àṣẹ tún wà níbẹ̀. Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀, kí òbí fọwọ́ sí i, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gbà, kí ó sì mọ̀ pé òun lè fà sẹ́yìn láìsí ìyà. Orúkọ ọmọ kì í hàn nínú ìwé. Bí ọ̀nà tuntun bá dára, ẹ̀tọ́ ni kí kíláàsì àfiwé náà jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí ìwádìí bá parí. Àwọn kan máa ń gbàgbé èyí: wọ́n á gba oyè tán, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní gbúròó wọn mọ́.

Ohun tí òbí lè mú lò níbẹ̀

Bí ọmọ yín bá gbé ìwé ìṣirò dé pẹ̀lú 4 nínú 10, ìbéèrè tó ń yá wa lára ni mélòó. A ó béèrè iye tó gbà, iye tí ọmọ aládùúgbò gbà, ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ìwé náà sí ibi tó ti ṣì í, kí ẹ ní kó sọ bó ṣe ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ alágbọn Recife, bí ẹnì kan bá ní kó ṣàlàyé 200 rẹ̀, á sọ pé òun ro 2 mọ́ 3, lẹ́yìn náà lòun fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Láàárín gbólóhùn kan yẹn, ẹ ti mọ ibi tó yẹ̀ sí, ẹ sì mọ̀ pé ìṣísẹ̀ kan péré ló fi yẹ̀ kúrò lọ́nà.